Àwòrán Sójà Tí Mo Gbé Dání

Àǹtí Fèyíkẹ́, ẹ kú iṣẹ́ lórí rédíò o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi, Yeoville ní Johannesburg, ní South Africa, ni mò ń gbé.

Sójà ni àbúrò mi, ojú ogun ní Borno ló wà. Orí Facebook ni wọ́n ti pe àwa ọmọ Nàìjíríà ní Joburg jáde pé ká wọ́de, kí ogun yẹn parí. Mo wọ aṣọ dúdú, mo tan àbẹ́là bíi ti àwọn yòókù, mo sì gbé àwòrán àbúrò mi dání. Ẹnì kan tí mi ò mọ̀ yà mí ní fọ́tò, ó gbé e sórí Facebook. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti dé fóònù aládùúgbò wa n'Ílá, ó sì fi han Màámi. Aṣọ dúdú, àbẹ́là, àwòrán ọmọ wọn: kí ni wọn ì bá tún rò? Màámi ṣubú lulẹ̀, wọn ò dìde mọ́. A ti sin wọ́n.

Àbúrò mi wà láàyè, kò sì tíì gbọ́. Àná ló rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì pè mí: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi sọ fún Màámi pé mò ń jẹun dáadáa." Mo ní màá jíṣẹ́.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n sọ fún un lójú ogun níbẹ̀, àbí kí n ṣì máa sọ pé Màámi ń kí i?