Òórùn Ìpara Màmá

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹfà

Mo tún lọ rí Onígò. Dókítà imú ni, orúkọ tí mo sọ ọ́ nìyẹn nítorí ìgò mẹ́rin tó máa ń tò síwájú mi. Kànáfùrù. Ọsàn wẹ́wẹ́. Kọfí. Òdòdó róòsì. Mo fimú fà títí ojú mi fi pọ́n. Òfo. Ibà tó pa Màmá ló kó imú tèmi lọ.

Ó kó ìgò náà fún mi, ó ní kí n máa fimú fa wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Mo ní ṣé imú yìí á padà? Ó ní tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbóòórùn ohun tí kò sí níbẹ̀, kí n má bẹ̀rù, imú ti ń jí nìyẹn.

Ẹ gbà mí o. Ohun tí kò sí níbẹ̀!

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹfà

Ọ̀gá mi níléeṣẹ́ ọṣẹ ní òun á dúró dè mí di ìparí oṣù. Èmi ni mo máa ń gbóòórùn ọṣẹ kí wọ́n tó gé e. Ìyá Imú ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀. Ìyá Imú tí kò gbóòórùn — ẹ wo ẹ̀sín! Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹfà

Òfo.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹfà

Mo gbóòórùn nǹkan! Lẹ́nu yàrá Màmá. Káńfọ̀ àti òróró — ìpara tí Màmá máa ń fi pa orúnkún. Bẹ́ẹ̀ a ti kó gbogbo ẹrù wọn jáde, a fọ yàrá náà, mo sì tì í pa. Mo ní, "Màmá?" Mo yára fọwọ́ bo ẹnu ara mi.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹfà

Kànáfùrù: ìpara Màmá. Kọfí: ìpara Màmá. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Inú Onígò dùn bí ẹni pé òun ló bí mi. Ó ní imú mi á bọ̀ sípò, òórùn yẹn á sì lọ fúnra rẹ̀. Mo ní ṣé dandan ni kó lọ?

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹfà

Mi ò fọwọ́ kan ìgò lónìí. Mo jókòó sẹ́nu yàrá Màmá, mo sunkún. Àárò wọn sọ mí gan-an. Òórùn náà sún mọ́ mi — mi ò purọ́ — bí ẹni tó rọra wá jókòó tì mí.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹfà

Ọ̀gá ránṣẹ́. Ẹlòmíràn ti ń du ipò mi. Mo tún gbé ìgò. Màmá, ẹ má bínú, mo ní láti jẹun.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25 Oṣù Kẹfà

Ọsàn wẹ́wẹ́ ta sí mi nímú. Ọsàn gidi! Káńfọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ọjọ́ Ẹtì, 28 Oṣù Kẹfà

Mo fimú dá ìgò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ̀ láìṣì kan. Onígò bọ̀ mí lọ́wọ́. Ọ̀gá ní kí n máa bọ̀ ní Ọjọ́ Ajé. Mo délé, mo dúró lẹ́nu yàrá Màmá. Igi. Eruku. Omi ìfọlẹ̀. Kò sí Màmá. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ọjọ́ Àìkú, 30 Oṣù Kẹfà

Àbúrò mi ọkùnrin ti ìrìn àjò dé. Ibà yẹn kò kàn án rárá, mi ò sì sọ ọ̀rọ̀ ìpara fún ẹnikẹ́ni yàtọ̀ sí Onígò. Kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi dúró gbagidi lẹ́nu yàrá Màmá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ̀yin lẹ wá ń fi ìpara Màmá para ni?"

Mo ní rárá. Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Ó ní inú ibẹ̀ gan-an ló ti pọ̀ jù. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òórùn náà ti wá sún mọ́ wa, àárín àwa méjèèjì ló wà.

Mo sáré lọ gbé ìgò kànáfùrù. Mo gbóòórùn rẹ̀ dáadáa. Mo padà dúró ti àbúrò mi, mo fimú fà, mo tún fà.

Igi. Eruku. Omi ìfọlẹ̀.