Ìbọn Tuntun Ni, Àbí Ẹ̀rọ Tí Wọ́n Fi Ń Kì Ọta?

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o. Ẹ má bínú sí ìkọ̀wé mi, ọ̀rọ̀ kì í tètè yá mi lẹ́nu.

Ìyàwó tuntun ni mí níbí ní Montana. Owó wa ká ìbọn ìléwọ́ tuntun fún mi, tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tún ẹ̀tù kì sínú èèpo ọta tí wọ́n ti yìn; ọ̀kan ṣoṣo la lè rà. Ọkọ mi ní, "Ìbọn ni kó o mú jàre, tèmi ti fẹ́ẹ́ di tìẹ tán!"

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ni mò ń wò. Tí wọ́n bá ń wọn ẹ̀tù, ètò yín lórí rédíò pàápàá, wọ́n á pa á. Ọta wọn kì í já wọn kulẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í sì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ wọn. Ó wù mí kí n mọ̀ ọ́n ṣe bíi tiwọn. Báwo ni mo ṣe máa sọ pé ẹ̀rọ ni mo fẹ́ tí inú ọkọ mi kò ní bàjẹ́? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ…

"Ìyàwó! Fọ ọwọ́ ẹ, wá jókòó sídìí ẹ̀rọ yìí!"

Ìyá ọkọ mi nìyẹn o. Wọn ò pè mí síbẹ̀ rí. Ẹ ṣáà bá mi yọ̀, mo ti ń lọ fọwọ́!