Ilé Wa Kún fún Ẹrù Ẹlẹ́rù

Nkololoun, Douala.

Ìwàlọlá ọmọ mi, èmi baba rẹ ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, n kò bẹ akọ̀wé kankan. Yaoundé ńkọ́? Stéphane ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ẹni tó wà nínú rẹ ń ta ẹsẹ̀ dáadáa? Wẹ́rẹ́ ni ewé ń bọ́ lára igi, wẹ́rẹ́ ni wàá bí. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Àmín.

Inú wa dùn pé ọ̀dọ̀ wa lo ti fẹ́ wá bímọ, ṣùgbọ́n kí o má baà dé kí ẹnu yà ọ́, jẹ́ kí n sọ bí ilé ṣe rí. Láti ìgbà tí ìjà Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù lórí ilẹ̀ Bakassi ti le, tí àwọn ará wa ń padà sí Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń kó ẹrù pamọ́ sí. Ta ni wọn ì bá tún kó o fún? Èmi tí mo gbé abọ́ tánganran kan ṣoṣo wọ Douala, tí mo kọ́lé láìjókòó pẹ́ ní ilé ìwé, gbogbo Nkololoun ló mọ̀ pé abẹ́rẹ́ kì í sọnù lọ́wọ́ mi. Ọláòtán gbé fíríìjì mẹ́ta wá pẹ̀lú fídíò rẹ̀. Kàbírátù kó gbogbo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá, àti àpótí aṣọ tó ga kan àjà. Àwọn mìíràn ò tilẹ̀ dúró kí wọ́n kí wa, ẹnu ọ̀nà la ti bá àga wọn.

Iṣẹ́ ńlá ni o. Mo ń tan àwọn fíríìjì náà ní ìkọ̀ọ̀kan, kí òtútù inú wọn má baà kú kí Ọláòtán tó dé. Fídíò yẹn, ṣe ló ń ṣẹ́jú ṣáá, mo mọ̀ pé olówó rẹ̀ ló ń wá, mo fi aṣọ bò ó, mo ní kó fara balẹ̀, ó ń bọ̀. Ìyá rẹ bi mí pé ṣé ilé ni mo gbé òun níyàwó sí ni àbí ilé ìkẹ́rùsí, pé òun ní láti fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí alákàn kí òun tó dé ìdí ààrò. Ó ní kí n kó díẹ̀ síta. Mo ní, Àbẹ̀ní, ẹrù ẹlẹ́rù kì í sun ìta. Ló bá bú sẹ́kún, ó ní ibo wá ni ọmọ òun máa tẹ́ ọmọ ọwọ́ sí?

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ronú títí, mo sì rí ọgbọ́n tí àwọn tó kàwé ò lè rí: ẹrù ẹlẹ́rù kò ṣeé kó jáde, ṣùgbọ́n tèmi ṣeé kó. Mo gbé bẹ́ẹ̀dì wa fún Jonah, díákónì ìjọ wa. Mo gbé àga tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ jókòó sí yẹn fún un, àti kọ́bọ́ọ̀dù tí mo kọ́kọ́ rà nílùú yìí. Mo wá kó ẹrù tó wà ní yàrá rẹ sí ààyè wọn. Lórí ẹní làwa ń sùn báyìí láàárín àwọn fíríìjì, Jonah sì ń dúpẹ́ bí ẹni jẹ oyè.

Bí owó díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ fún iná, torí ẹni tó wá ka mítà bi mí pé níbo ni mo ń ta yìnyín náà sí.

Ọlọ́run á sìn ọ́ délé láyọ̀. Má ṣe kó ẹrù púpọ̀ wá o. Gbogbo ohun tó kù tó jẹ́ tèmi nínú ilé yìí ni ìyá rẹ, àti bẹ́ẹ̀dì rẹ tí a ti tẹ́ dè ọ́.

Èmi ni, baba rẹ,
Ṣóbọ̀wálé.