Mo Rò Pé Inú Ló Ń Bí Ìyá Rẹ

Iléṣà,
Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, ọdún 1995.

Phebe, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láti ìhín títí dé Mubi tí ìjọba rán ọ lọ sìn. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá ọ nínú ìlera, kí omi ibẹ̀ bá ọ lára mu, kí oòrùn ibẹ̀ má sì pa ọ́ lára. Bí o bá ń béèrè èmi, ara mi le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Jọ̀wọ́, wá ibi jókòó sí kí o tó kà á síwájú. Ìyá rẹ wà láàyè. Mo fẹ́ kí o kọ́kọ́ mọ ìyẹn.

O kọ lẹ́tà méjì sí wa lóṣù tó kọjá, o ń béèrè ìdí tí ìyá rẹ kò fi fọwọ́ ara rẹ̀ dá ọ lóhùn. Mo fèsì pé ó wà lóko ní Ikeji-Arakeji, pé iṣẹ́ kòkó ni kò jẹ́ kó ráyè. Irọ́ ni mo pa fún ọ, ọmọ mi. Lọ́jọ́ tí mo kọ ọ́, ìyá rẹ wà nínú yàrá kan tí wọ́n fi aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan níbí ní Iléṣà, kò sì sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún mi pé ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò mọ́ bá a. Mo mọ̀ pé bí o bá gbọ́, wàá wọ ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nínú ọ̀nà jíjìn yẹn, pẹ̀lú omijé lójú. Ẹ̀rù bà mí kó má lọ di ẹni méjì tí mò ń sunkún lé lórí. Dárí jì mí.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹjọ, ìyá rẹ wà nínú oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Atẹ́gùn ti ṣí páànù ahéré wọn dà sílẹ̀, ìṣó kan tó ti dípẹtà sì gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fà á yọ, ó da kẹrosíìnì sí i, ó fi àkísà dì í, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tó fi máa padà wá bá mi ní Òṣogbo lópin ọ̀sẹ̀, ojú ọgbẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé. Èmi gan-an rí i. Ó ní kékeré ni, mo sì gbà pé kékeré ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a jà. Ó ní òun fẹ́ padà sóko lọ́jọ́ kejì, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé ọjọ́ márùn-ún tó dé. O mọ̀ pé láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè, mi ò fẹ́ràn kí n máa dá nìkan wo ògiri. Mo ní, "Ṣé oko ni mo fẹ́ ni, àbí ìyàwó? Tó bá di ọjọ́ kan, kí wọ́n kúkú sin ọ́ síbẹ̀." Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ṣì ń bá mi jí láràárọ̀. Ìyá rẹ wò mí, ó wọ yàrá lọ.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀, mo kí i, kò dáhùn. Mo gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín fún un, ó fi ọwọ́ tì í sẹ́yìn. Nígbà tó sì kọjú sí mi, Phebe, ó dà bí ẹni pé ó ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ètè rẹ̀ fà sẹ́yìn, eyín rẹ̀ yọ síta, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín rárá. Inú bí mi. Mo ní tó bá jẹ́ pé odì ló fẹ́ ká yàn, a ó jọ yàn án. Mo wọ bàtà, mo lọ jókòó ti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi àtijọ́ nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin, a ta ayò títí ọjọ́ fi rọ̀. Odidi ọjọ́ kan. Dókítà wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé nínú irú àìsàn yìí, wákàtí ni èèyàn ń kà.

Àpìkẹ́, ará ilé kejì wa ní Òkè Baálẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Ọjà Ọba, ló gbà wá. Ó yà wá kí ìyá rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kó tó lọ sọ́jà, mo sì sọ fún un pé inú ló ń bí i. Kò pẹ́ tó wọ yàrá tó fi figbe ta. Bí ìyá rẹ ṣe gbọ́ igbe yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, orí àti gìgísẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kù tó kan bẹ́ẹ̀dì. Àpìkẹ́ kọjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá Phebe! Ṣé ojú yín fọ́ ni? Ìyá yìí ò bínú o. Ẹnu rẹ̀ ló há!"

Ní ilé ìwòsàn tí a kọ́kọ́ gbé e lọ ní Òṣogbo, wọ́n ní tẹ́tánọ́ọ̀sì ni, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní ipá. Ojú ìṣó yẹn ló gbà wọlé. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́, wọ́n ní ká máa gbé e lọ sí Iléṣà níbi tí yàrá ìtọ́jú àkànṣe wà fún un. Wọ́n kìlọ̀ fún wa pé a ò gbọ́dọ̀ pariwo, a ò gbọ́dọ̀ tan iná sí i lójú, a ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án lójijì, nítorí èyíkéyìí nínú wọn lè mú kí iṣan fà á títí èémí rẹ̀ yóò fi dúró. Fákúnlé onítakisí ló gbé wa. Láti Òṣogbo dé Iléṣà, kò tẹ fèrè ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó na ọwọ́ síta lójú fèrèsé, ó ń fi lé àwọn èèyàn kúrò lọ́nà bí ẹni ń lé adìyẹ, ó sì ń wa ọkọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kòtò bí ẹni gbé ẹyin.

Nígbà tí a wọ ìlú Iléṣà, a pàdé òkú. Àwọn ọmọ ìjọ kan ń sin àgbà wọn lọ sí itẹ́ òkú, àwọn onífèrè wà níwájú, ọkùnrin kan sì gbé ìlù ńlá sáyà. Wọ́n kún títì, kò síbi tí a lè yà sí. Mo ń gbọ́ fèrè náà tó ń sún mọ́ wa, mo ń wo ìka ẹsẹ̀ ìyá rẹ tó ti ń kákò. Mo bẹ́ sílẹ̀, mo sáré, fìlà mi bọ́, mi ò wẹ̀yìn. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ọ̀dà gbígbóná fún ọkùnrin tó ń darí wọn, ọmọ tí mo lè bí. Mo ní, "Ẹ dákun, ìyàwó mi wà nínú ọkọ̀ yẹn. Fèrè yín máa pa á." Kò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo rẹ̀ sì dákẹ́ lọ́ọ́. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ láti ẹnu dé etí títí dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ olóòkú lẹ́yìn, wọ́n sì ń gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ wa kọjá láìfọhùn, ìró bàtà nìkan là ń gbọ́. Opó òkú náà dúró tì mí, ìyá arúgbó kan báyìí. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Tèmi ti lọ. Tìẹ ò ní lọ."

Ọjọ́ mẹ́tàlélógún ni ìyá rẹ lò nínú yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Wọ́n dá ihò sí i lọ́fun kí èémí lè máa gba ibẹ̀. Wọ́n fi òwú dí i létí, wọ́n sì ń gba ọ̀pá rọ́bà tó wọ̀ ọ́ nímú fún un ní omi ẹ̀kọ. Àwọn nọ́ọ̀sì máa ń bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n máa ń jẹ́ kí n dúró tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, nínú òkùnkùn yẹn. Ẹ̀bẹ̀ kún mi lẹ́nu fọ́fọ́, mi ò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́, nítorí ohùn mi gan-an lè pa á. Lẹ́ẹ̀mejì ni iṣan fà á lójú mi tí ojú rẹ̀ dúdú bí aró. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n tì mí síta, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú irú ẹnu tí mo máa fi sọ fún ọ.

Ọlọ́run kò jẹ́ kí n sọ ọ́. Iṣan náà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì gbé e wá sí wọ́ọ̀dù gbogboogbò. Àwọn èèyàn ń bá mi yọ̀, ṣùgbọ́n kí n sọ òtítọ́ fún ọ, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù wá bà mí jù. Kò sí aṣọ dúdú níbí. Ọmọdé ń sunkún, abọ́ ń jábọ́, àlejò ń rẹ́rìn-ín kèékèé. Bí ìlẹ̀kùn bá gbá, èmi ni mo máa ń fò sókè, ìyá rẹ á sì máa wò mí. Sísítà Béjidé, nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú rẹ̀, ní àfi kí wọ́n wá bẹ́ẹ̀dì kan fún èmi náà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n yọ ọ̀pá ọ̀fun rẹ̀, nígbà tó sì di ọjọ́ Ajé yìí, ohùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, ó há bí ohùn arúgbó. Mo kúnlẹ̀ ti bẹ́ẹ̀dì, mo tọrọ àforíjì. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó wá ní, "Lálẹ́ Ọjọ́rú yẹn, inú ló ń bí mi lóòótọ́. Mo ní mi ò ní dá yín lóhùn títí di ọjọ́ Ìsinmi. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jí ní Ọjọ́bọ̀, mo fẹ́ sọ fún yín pé ọrùn ń ro mí, ẹnu mi ò sì ṣí mọ́. Mo wá wò yín lójú. Mo rò pé ẹ máa mọ̀."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, Phebe. Ìbá sàn fún mi tó bá fi ìbínú sọ ọ́. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń wo ojú yẹn. Ó fi bẹ̀ mí pé kí n gba òun, agídí ni mo rí níbẹ̀. Dókítà ní a lè lọ sílé ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ilé náà sì ń já mi láyà, nítorí èmi nìkan ni yóò máa wò ó níbẹ̀, kò ní sí nọ́ọ̀sì. Ó dárí jì mí, ó fi ọwọ́ lé mi lórí. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí.

Má ṣe sá kúrò lẹ́nu iṣẹ́ wá. Tọrọ ààyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ bó ṣe yẹ, kí o sì kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ ná. Ọlọ́run tó dá wa sí yóò dá ọ sí. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní tẹ ohun tí yóò pa ọ́ lára. Ní ọjọ́ tí ohùn rẹ bá kọ̀ láti jáde, wàá rí ẹni tí yóò wo ojú rẹ, tí yóò sì mọ̀. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Josiah Adédìran.

Mo tún rántí: Ọjọ́ Ẹtì nìyí, mi ò tíì rí ààyè dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Láàárọ̀ yìí ni wọ́n ní kí ìyá rẹ dìde rìn. Èmi àti Sísítà Béjidé dì í mú lápá, ó gbé ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án dé ojú fèrèsé. Àbúrò rẹ̀, Ọmọ́yẹlé, tí mò ń sùn sílé rẹ̀ níbí, ń wọlé bọ̀ lẹ́nu géètì pẹ̀lú kúlà oúnjẹ lórí, kò rí wa. Kí n tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ìyá rẹ ti yọrí síta, ó fi èdè Ìjẹ̀ṣà ké sí i débi pé gbogbo wọ́ọ̀dù yí ọrùn. Mo di ojú mi, mo gbá apá rẹ̀ mú, mò ń dúró de ìgbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ máa tẹ̀. Mo ka ení, èjì, títí dé ogún. Nígbà tí mo la ojú, òun ló ń wò mí. Ó ní, "Bàbá Phebe, apá mi lẹ fẹ́ kán yìí."