Akọ Ajá Tí Mo Fi Sílẹ̀ fún Àbúrò Mi

Èmi tí gbogbo yín mọ̀ sí Bàbá Alájá, adájọ́ àtijọ́ níbi ìdíje ajá ńlá, ni mo ń pín ogún mi. Ara mi ti ń jó rẹ̀yìn, ṣùgbọ́n orí mi pé: mo ṣì lè la ẹnu ajá kí n wo eyín rẹ̀, kí n sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Lọ́yà mi ni kó ka ìwé yìí sókè. Àbúrò mi ni kó jókòó síwájú.

Ìkíní. Ilé tí mò ń gbé di ti ìyàwó mi. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra ló ti kórìíra irun ajá lórí àga, síbẹ̀ kò kọ̀ mí sílẹ̀. Kó kó àwọn àga náà dànù. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe ń sọ lọ.

Ìkejì. Àgbàlá ajá, òṣùwọ̀n àti àwọn ṣéènì jẹ́ ti ọmọbìnrin mi. Ọmọkùnrin mi kò ní ìpín níbẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, mo ní kó dúró ti ajá, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ajá tó bá fà sẹ́yìn lábẹ́ ọwọ́ adájọ́, ìta ni mo máa ń lé e sí. Bẹ́ẹ̀dì náà ni mo fún un.

Ìkẹta. Bàbá wa ló mú irú ajá tí mò ń sìn yìí jáde láti ara àwọn tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí: orí ńlá, àyà fífẹ̀, ajá tí kì í gbó lásán. Nígbà tí bàbá kú, èmi ń tọ́jú ajá, àbúrò mi ṣáájú mi lọ kọ́ ìdájọ́ wọn. Lọ́jọ́ tí mo mú abo mi tó dára jù lọ wá síwájú rẹ̀ níbi ìdíje, ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wò, ó sì sọ lójú gbogbo èrò pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ mú ajá yín lọ sílé, kó lọ máa ṣọ́ adìẹ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé; èmi ni mo sì ń kó ìgbẹ́ ajá nílé wa.

Ọmọ abo yẹn ni akọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù nínú irú ajá bàbá wa. Àbúrò mi ti ń bẹ̀ mí títí pé kí n jẹ́ kó gun abo òun, kí irú náà má baà parẹ́. Mo gbà. Mo fún un ní akọ náà lọ́fẹ̀ẹ́.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó mú kálámù, dókítà ẹranko tẹ akọ náà lọ́dàá. Èmi ni mo di orí rẹ̀ mú. Ó ń lá ọwọ́ mi títí oorun fi gbé e lọ. Mo sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ojú àbúrò mi ni mò ń rí.

Mo fọwọ́ sí i: Bàbá Alájá, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta.

Ẹlẹ́rìí: aránbàtà ẹ̀gbẹ́ ilé wa, tó rán okùn ọrùn ajá náà.

Ẹlẹ́rìí: dókítà ẹranko, tó bẹ̀ mí pé kí n má ṣe é.