Aṣọ Lórí Áńtẹ́nà

Sátidé, ọ̀sán. Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó.

Mo gun orí ilé lọ wo áńtẹ́nà tí mo fi ń wọn bí ìgbì rédíò ṣe ń la afẹ́fẹ́ kọjá. Aṣọ tútù ni mo bá lórí ẹ̀, ìborùn àti bùbá Àlàájà onílé wa.

Àlàájà fúnra wọn dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàfù. “Dókítà, tí oòrùn bá ti mú báyìí, ibẹ̀ ni mo máa ń sá a sí. Ṣé ó ń dí yín lọ́wọ́ ni?”

Ọdún méjì ni mo fi ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí ìgbì yẹn bá ti rẹlẹ̀ lọ́sàn-án, oòrùn ló ń gba agbára ẹ̀. Mo tiẹ̀ fọ́nnu ẹ̀ níwájú àwọn ọ̀gá wa ní yunifásítì ní Yaba.

Ta ni mo fẹ́ lọ sọ fún pé aṣọ ni?

Mo ní, “Rárá o, mà. Ẹ máa sá a lọ.”