Ọ̀lẹ Inú Ọrùn Mi

Màámi, ẹ kú ojú lọ́nà mi.

Ìwé ni mo kọ torí ohùn mi há díẹ̀, n ò sì fẹ́ kó já yín láyà lórí fóònù. Ẹ ó rántí kiní kékeré tí mo sọ pé ó wà nínú ọrùn mi, tó yẹ kó máa fún ara lágbára, ṣùgbọ́n tó ń ṣọ̀lẹ. Mo ń lo oògùn rẹ̀, àmọ́ òtútù ò fi mí sílẹ̀, mo sì ń sanra láìjẹun púpọ̀. Níbi tá a ti ń lọ aṣọ òtẹ́ẹ̀lì, tí gbogbo èèyàn ń làágùn, èmi nìkan ni mò ń wọ súwẹ́tà. Wọ́n ń fi mí ṣẹ̀rín, èmi náà sì ń bá wọn rín in.

Lánàá, dókítà bi mí pé, "Kí lẹ fi ń mi oògùn ọrùn yín?"

Mo ní, "Tíì ni, pẹ̀lú oògùn afúnnilẹ́jẹ̀ mi."

Ó mi orí. "Ìyẹn ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ dáadáa. Omi nìkan ni kẹ́ ẹ fi lò ó láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó jẹun. Ẹ fi afúnnilẹ́jẹ̀ sí alẹ́. A ó tún yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò lẹ́yìn oṣù kan àtààbọ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú fi kún oògùn náà, kára mi lè tètè yá. Ó ní tó bá pọ̀ jù, àyà mi á máa lù kìkì.

N ò sọ fún un pé oorun gbé mi lọ nídìí áyọ́ọ̀nù, tí aṣọ ibùsùn àlejò fi jó. Ọ̀gá wa ní kí n lọ sinmi nílé. Èèyàn dáadáa ni. Kò kàn tíì sọ ọjọ́ tí n ó padà ni.

Ẹ bá mi kí Bàámi. Tí wọ́n bá béèrè bí mo ṣe rí, ẹ ní mo ti sanra. Kì í ṣe irọ́.

Àbíkẹ́yìn yín.